Pípààrọ̀ Rọ́bà Gáàsì Ìdáná

Rọ́bà tó so sílíńdà mọ́ sítóòfù gáàsì kì í ṣe ohun tí à ń lò títí ayé. Ní ilé ìdáná ìlú Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, bíi ti ibòmíràn, ooru, epo àti eyín eku ló máa ń bà á jẹ́. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pa iná gbogbo, yóò ti orí sílíńdà, yóò sì ṣí fèrèsé. Rọ́bà gáàsì gan-an ni kó rà, kì í ṣe ti omi, kó sì fi kílíìpù di ẹnu rẹ̀ méjèèjì pinpin. Lẹ́yìn náà, kó ṣí orí sílíńdà padà láì tan iná, kó sì fi omi ọṣẹ pa oríkèé méjèèjì: ibi tó bá ti ń hó, gáàsì ń jò níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìṣáná wò ó láéláé! Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, níbi tí iná kékeré ti lè ràn án.