Fúlúù Ẹyẹ Ti Pa Èèyàn Rí ní Èkó: Kí Ló Dé Tí Kò Ràn Káàkiri?

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007, ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún méjìlélógún kan kú ní Èkó. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, fáírọ́ọ̀sì H5N1 ni wọ́n bá lára rẹ̀, ìyẹn fúlúù ẹyẹ. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ó ti tu ìyẹ́ adìẹ kan tó sì fọ inú rẹ̀ kó tó di pé àìsàn dé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn yìí pa ní ilẹ̀ àwa ènìyàn dúdú, nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà.

Èkó ni mo sọ o. Èkó tí èèyàn ti ń mí sí ara wọn lójú nínú dánfó! Síbẹ̀ àrùn yẹn kò gba ìgboro kan. Tí a bá mọ ìdí tí kò fi ràn, a ti mọ ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ nìyẹn.

Ẹ wò ó báyìí. Kí fáírọ́ọ̀sì tó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ó gbọ́dọ̀ rí ibi tó máa dì mú lára sẹ́ẹ̀lì náà. Ṣúgà kan báyìí tó wà níta sẹ́ẹ̀lì ni fúlúù máa ń dì mú. Ẹyẹ ní irú ṣúgà tiẹ̀, èèyàn náà ní tiẹ̀, bí wọ́n sì ṣe so ó mọ́ra ni wọ́n fi yàtọ̀. Fúlúù ẹyẹ ní kọ́kọ́rọ́ tó bá àgádágodo ẹyẹ mu. Tiwa tó wà nínú imú àti ọ̀fun kò fi bẹ́ẹ̀ ṣí fún un. Àmọ́ (ibi tí wàhálà wà nìyí) àwa náà ní irú àgádágodo ti ẹyẹ yẹn, ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ẹ̀dọ̀fóró ló wà. Ẹni tó bá fa fáírọ́ọ̀sì púpọ̀ símú, bí ẹni tó ń tu ìyẹ́ adìẹ tó ń ṣàìsàn, lè fà á débẹ̀. Tó bá débẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á wú, èémí á máa nira.

Ṣé ẹ rí i? Ìdí kan náà tó jẹ́ kó burú fún ẹni tó mú ni kò jẹ́ kó tètè ràn. Fáírọ́ọ̀sì tó bá wà nínú imú àti ọ̀fun ni sísín àti ikọ́ máa ń fọ́n sáfẹ́fẹ́. Èyí tó fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde.

Àwọn onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń wọn èyí: tí ẹnì kan bá ní àrùn, èèyàn mélòó ni yóò kó o ràn? Tí iye yẹn bá kéré sí ẹyọ kan ní ìpíndọ́gba, àrùn náà á máa joro títí á fi kú. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, ó ti ń tàn nìyẹn, bíi kòrónà. Láti ọdún 1997 tí H5N1 ti kọ́kọ́ mú èèyàn méjìdínlógún ní Hong Kong, tí mẹ́fà kú, kò tíì fìgbà kan ré kọjá ẹyọ kan láàárín èèyàn.

Ẹ̀yin kan á ní ṣebí wọ́n ní ìdajì àwọn tó bá mú ló ń kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo iye yẹn. Láti ọdún 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka èèyàn tó lé ní 900 tí H5N1 mú káàkiri ayé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó kú. Àwọn wo ni wọ́n kà? Àwọn tó ṣàìsàn débi pé wọ́n gbé wọn dé ọsibítù ńlá tí wọ́n ti lè ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí ojú rẹ̀ kàn pọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta tó sì yá, ta ló fẹ́ kà á? Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí H5N1 wọ inú màlúù wàrà ní ọdún 2024, wọ́n wá àwọn òṣìṣẹ́ oko kiri, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò. Nínú nǹkan bí 70 èèyàn tí wọ́n rí, ojú pípọ́n àti àìsàn díẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ní. Ẹnì kan kú, ní Louisiana, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Mi ò sọ pé àrùn yìí rọrùn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a bá ṣe wá a sí ni iye rẹ̀ ṣe máa rí.

Kí wá ni ẹ̀rù tó ń bà wọ́n? Pé kọ́kọ́rọ́ yẹn lè yí padà. Ọ̀nà méjì ló wà. Ìkíní, fúlúù kì í lè da ara rẹ̀ kọ láìṣàṣìṣe, àṣìṣe kan sì lè ṣe é lóore. Ní ọdún 2012, Ron Fouchier ní Netherlands àti Yoshihiro Kawaoka ní Amẹ́ríkà, olúkúlùkù nínú làábù tirẹ̀, fi hàn pé ìyípadà bíi mélòó kan péré ló lè mú kí fáírọ́ọ̀sì H5 máa ràn nínú afẹ́fẹ́ láàárín ferret, ẹranko kékeré kan tí fúlúù máa ń ṣe bó ṣe ń ṣe èèyàn. Ìjà ńlá ni ìwádìí yẹn dá sílẹ̀. Àwọn kan ní kò yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde rárá. Ní tèmi, ó dára ká mọ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé ọ̀nà mẹ́jọ ni jíìnì fúlúù pín sí. Tí fúlúù ẹyẹ àti fúlúù èèyàn bá pàdé nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, wọ́n lè da jíìnì wọn pọ̀ bí ẹní ń po káàdì, kí tuntun jáde. Irú ìpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ló bí àjàkálẹ̀ fúlúù ọdún 1957 àti ti 1968. Ẹlẹ́dẹ̀ ní àgádágodo méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa sin adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọgbà kan náà.

Àwọn bàbá wa pàápàá ti so ẹyẹ àti èèyàn pọ̀ kí làábù tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé fúlúù wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, tó sì pa èèyàn tí àwọn òpìtàn fojú bù sí 250,000 ní gúúsù Nàìjíríà, orúkọ tí Yorùbá fún un ni lúkúlúkú, orúkọ àìsàn tó máa ń pa adìẹ. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀dọ̀ ẹyẹ ni jíìnì fáírọ́ọ̀sì 1918 ti pilẹ̀ wá. Àmọ́ ẹ má ṣì í mú o: lúkúlúkú adìẹ gan-an, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, kì í ṣe fúlúù. Fáírọ́ọ̀sì mìíràn ni, ó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará Ìlogbò. Adìẹ tó ń kú nítorí lúkúlúkú àti èyí tí fúlúù ń pa lè jọra débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, àǹtí mi tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin bíi ọgọ́ta pè mí. Mẹ́sàn-án ti kú láàárín ọjọ́ méjì. Ó ní, “Ọmọ mi, alájàpá kan ti ń dúró níta, ó fẹ́ kó ìyókù lọ sọ́jà. Ṣé kí n tà wọ́n?” Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà wọ́n.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ìwọ ló máa san owó iléèwé àwọn ọmọ?”

Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 2006, tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kéde H5N1, láti oko kan ní Jájì, ìpínlẹ̀ Kàdúná, owó tí ìjọba ní àwọn á san ni 250 náírà lórí adìẹ kan, kò sì tó iye ọjà. Ẹni tó bá rò pé àìgbọ́n ló ń jẹ́ kí èèyàn sáré ta adìẹ àìsàn, kó lọ ṣe ìṣirò yẹn. Àrùn yẹn tàn dé ìpínlẹ̀ tó lé ní ogún, adìẹ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló bá a lọ. Ọkọ̀ àwọn alájàpá àti kéèjì tí wọn kì í fọ̀ wà lára ohun tó gbé e kiri.

Nígbẹ̀yìn, àǹtí mi ti ilẹ̀kùn kéèjì, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Adìẹ mọ́kànlá ló kú lápapọ̀. Lúkúlúkú ni wọ́n ní ó jẹ́.

Tí ẹ bá wá bi mí pé báwo ni ewu náà ṣe tó fún wa, ìbéèrè méjì ni mo máa ń yà sọ́tọ̀, bí àwọn tó ń ṣe irú ìṣirò yìí ní Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe: ṣé ó lè ṣẹlẹ̀, àti pé tó bá ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe máa burú tó? Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára òṣìṣẹ́ oko kan ní Texas gba nǹkan bíi 5.8 nínú 10 lórí ìbéèrè àkọ́kọ́: ó wà láàárín. Fún ẹni tí kì í sún mọ́ adìẹ, ewu rẹ̀ kéré gan-an lónìí. Ẹni tó ń jẹ adìẹ tó jinná dáadáa, tàbí ẹyin tó jinná, kò séwu níbẹ̀, nítorí iná tó dé 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ń pa á. Ewu wà fún ẹni tó ń dúńbú, tó ń tu ìyẹ́, tó ń fọ inú adìẹ. Níbi tiwa, àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin ló sábà máa ń ṣe é, pàápàá nígbà Kérésì, tó tún bọ́ sí àsìkò ọyẹ́ tí àrùn yìí máa ń yọjú: 2006, 2015 àti 2021, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, adìẹ tó bá ń ṣòjòjò, ẹ má sáré dúńbú rẹ̀ kó tó kú. Ẹ má sọ òkú rẹ̀ sí odò tàbí ààtàn tí ajá á ti fà á kiri. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ sin ín jìn. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau.

Bí ara bá sì gbóná láàárín ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ fọwọ́ kan irú adìẹ bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Ẹ lọ sí ọsibítù, Ìdó-Èkìtì kò jìnnà, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ ọ̀rọ̀ adìẹ náà fún dókítà, torí bí ẹ ò bá sọ ọ́, ibà ni òun náà máa kọ́kọ́ rò.