Bí a ṣe ń to ilé iṣẹ́ tí a ti ń kan gìtá

Gbogbo wa la mọ gìtá. Bí ẹgbẹ́ olórin bá wá ṣeré níbi ìnáwó, a máa ń gbọ́ ọ láàárín ìlù. Ní Kútọnu, ẹgbẹ́ Orchestre Poly-Rythmo fi gìtá ṣe orin tí wọ́n gbọ́ dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gìtá tó wà lọ́wọ́ wa, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kó o wá. Bẹ́ẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lè kan án. Ní ilẹ̀ Kétu, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ayé àwọn baba wa, ọwọ́ tó mọ igi kò wọ́n.

Àmọ́ gìtá kì í ṣe ilẹ̀kùn, kì í sì í ṣe ibùsùn. Pátákó ilẹ̀kùn lè nípọn tó sàǹtímítà 4. Pátákó tí wọ́n fi ń ṣe ojú gìtá, ìyẹn ibi tí ihò rẹ̀ wà, kì í sábà ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Okùn 6 ló wà lórí rẹ̀. Bí a bá fa gbogbo wọn le, agbára tí wọ́n fi ń fa igi náà tó ẹrù kílò 40, bí okùn bá jẹ́ ti náílọ́ọ̀nù. Ti okùn irin ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tí ilẹ̀kùn lè fara dà, gìtá kò lè fara dà á. Nítorí náà ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí fi ní láti ro bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe rí, kó tó náwó sí irin iṣẹ́.

Ọ̀rinrin ni kí a kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ló ń ba gìtá jẹ́ jù. Igi tí a gé lulẹ̀ ṣì ń mí. Nígbà òjò, ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń wú. Nígbà ọyẹ́, omi náà ń jáde, igi á sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìbú rẹ̀ ló ń yí. Ẹ ti rí i lára ilẹ̀kùn ilé yín: lóṣù kẹfà kò fẹ́ tì, lóṣù kìn-ín-ní àlàfo wà létí rẹ̀.

Ojú gìtá fẹ̀ tó sàǹtímítà 37 níbi tó fẹ̀ jù. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, a máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọn igi tín-ínrín mọ́ ọn ní ìdábùú, kó lè lágbára. Ká ní a lẹ̀ wọ́n lóṣù kẹfà, nígbà tí igi ti mu omi yó. Ọyẹ́ á dé. Ojú gìtá á fẹ́ sún kì, àwọn igi ìdábùú kò ní gbà. Kí ló kù? Á là. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, oníbàárà á sì wá gba owó rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń lẹ ojú gìtá nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Èyí tí a lẹ̀ nígbà gbígbẹ lè wú díẹ̀ nígbà òjò, àmọ́ wíwú kì í tètè là á.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé igi ti gbẹ tó? Ẹ mú ègé igi kan lára pátákó tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ náà sí ara rẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwọn pátákó yòókù. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tún un wọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tí kílò rẹ̀ bá ń dín kù, igi kò tíì gbẹ tán. Ẹni tí kò bá mọ̀ọ́kọ kò lè ṣe èyí, ẹ̀yin lè ṣe é.

Nípa bẹ́ẹ̀, ibi ìkó-igi-sí ni ibi àkọ́kọ́ tí a ó wá àyè fún, kì í ṣe tábìlì. Ẹ má ṣe to pátákó sílẹ̀, nítorí ikán. Ẹ gbé e ga tó sàǹtímítà 30. Kó má sì kan ògiri, torí ògiri amọ̀ ń fa omi láti ilẹ̀. Láàárín pátákó kan àti èkejì, ẹ fi igi pẹlẹbẹ kéékèèké há a, kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà gbà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń sọ pé pátákó tó nípọn ní sàǹtímítà 2 àbọ̀ ń fẹ́ ọdún kan kó tó gbẹ. Ọ̀gánwó dára fún ọrùn àti ẹ̀yìn gìtá. Fún ojú rẹ̀, igi ilẹ̀ olótùútù kan tí àwọn Faransé ń pè ní épicéa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ó fúyẹ́, ó sì le. Ẹni tó bá rà á, owó ńlá ló rà yẹn, kó má fi sábẹ́ páànù gbígbóná tí kò ní àjà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo oòrùn àti atẹ́gùn. Bí a bá fẹ́ kọ́ ilé náà, ẹ jẹ́ kí ògiri gígùn méjèèjì kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí fèrèsé wà lára wọn. Ògiri kúkúrú ni kó kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, torí ibẹ̀ ni oòrùn ń wọlé jù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa lórí fèrèsé.

Lọ́dọ̀ wa, láti apá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, níhà òkun, ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ wá ronú: níbo ló yẹ kí a ti máa rẹ́ igi? Níhà ìlà oòrùn ni, lábẹ́ àtíbàbà níta, kí atẹ́gùn lè gbé eruku lọ kúrò lọ́dọ̀ wa. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á yí padà, á máa ti àríwá wá. Ẹ ti ilẹ̀kùn ìlà oòrùn nígbà náà bí ẹ bá ń rẹ́ igi. Eruku igi kì í ṣe eré. Láti 1995 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kọ ọ́ mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà, pàápàá nínú imú. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀.

Àtíbàbà yìí kan náà la ó ti máa tẹ ẹ̀gbẹ́ gìtá. A ó rẹ pátákó tín-ínrín náà sínú omi, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lára páìpù irin tí iná ti mú gbóná. Iná ni, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé tí ìfá igi wà nílẹ̀. Ẹ gbé garawa iyanrìn kan sí tòsí.

Fánísì ńkọ́? Ìpẹ̀kun kejì, níhà ìwọ̀ oòrùn, ni tirẹ̀, jìnnà sí eruku. Ẹ fi ògiri gé mítà 1 àbọ̀ níbẹ̀, kó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ síta àti fèrèsé méjì tó kọjú síra, kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Àkísà tí a fi òróró linseed nu igi, ẹ má ṣe ká a jọ sí igun ilé. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ.

Inú yàrá gan-an, tábìlì méjì ti tó. Ti àkọ́kọ́ á wà lábẹ́ fèrèsé àríwá, kó gùn ní mítà 2, kó fẹ̀ ní sàǹtímítà 60. Ibẹ̀ la ó ti máa fá igi, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń fi ibi tí kò tẹ́jú hàn. Gíga rẹ̀? Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wálẹ̀: ibi tí ọrùn ọwọ́ dé ni. Èkejì á wà láàárín, mítà 1 àti 20 sí sàǹtímítà 70. Kò gbọ́dọ̀ kan ògiri kankan. Bí a bá ń lẹ gìtá, gọ́ọ̀mù kì í dúró de ẹnikẹ́ni, a ní láti lè yí i po pẹ̀lú ohun ìfúnpọ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi àyè sàǹtímítà 90 yí i ká, ó kéré tán. Irin iṣẹ́, ẹ gbé e kọ́ sára pátákó lẹ́bàá tábìlì àkọ́kọ́, kí ẹ ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí aládùúgbò bá yá ayùn tí kò dá a padà, ògiri á sọ fún yín.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun wọlé, ẹ ya yàrá náà sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí mítà 1 jẹ́ sàǹtímítà 3. Ilé tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 4, á di sàǹtímítà 18 sí 12. Ẹ gé bébà fún àwọn tábìlì: sàǹtímítà 6 sí 1,8 fún ti àkọ́kọ́, 3,6 sí 2,1 fún èkejì. Ẹ gé 7,5 sí 1,5 fún ibi ìkó-igi-sí, tó gùn ní mítà 2 àbọ̀, tó fẹ̀ ní ìdajì mítà. Ẹ máa sún wọn kiri. Bébà kò wúwo bíi tábìlì. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi eérú fa ìlà sílẹ̀ nínú yàrá gan-an, kí ẹ gbé pátákó mítà 2 àbọ̀ léjìká wọlé láti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ yí i padà. Bó bá kan ògiri, ẹ pa ìlà rẹ́, ẹ tún un fà.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí. Yàrá kan fẹ̀ ní mítà 3 àbọ̀. A to tábìlì àkọ́kọ́ sí ògiri àríwá, ibi ìkó-igi-sí sí ti gúúsù, tábìlì kejì sáàárín wọn. Ṣé àyè sàǹtímítà 90 á wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì àárín? Bí kò bá sí, èwo lára àwọn mẹ́ta yìí lẹ máa gbé lọ síbòmíràn?