Nọ́ńbà Tó Fi Inú Rẹ̀ Pamọ́ fún Ọdún 259

Ẹ to 2 mẹ́tàdínláàádọ́rin sílẹ̀, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ wá yọ 1 kúrò. Ohun tí yóò kù ni 147,573,952,589,676,412,927.

Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fẹ́ràn ìṣirò, kọ ọ́ sínú ìwé pé nọ́ńbà yìí kò ṣe é pín: yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí odidi nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù. Kò fi ẹ̀rí kankan tì í. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dúró fún ohun tó lé ní igba ọdún. Dígíìtì 21, ta ni yóò jókòó yẹ̀ ẹ́ wò?

Ní 1876, Édouard Lucas, ọmọ Faransé bíi tirẹ̀, fi hàn pé Mersenne ṣì í. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí nìyí: Lucas kò rí ẹyọ nọ́ńbà kan tó pín in. Bí ọgbọ́n tó lò ṣe rí lẹ́yìn tí onímọ̀ ìṣirò kan, Lehmer, tún un ṣe ní 1930 rọrùn láti sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 4. Ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi nọ́ńbà ńlá náà pín in, kí ẹ mú ìyókù nìkan. Ìgbà 65 ni ẹ ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìyókù ìkẹyìn bá jẹ́ òdo, nọ́ńbà náà kò ṣe é pín. Bí kò bá jẹ́ òdo, ó ṣe é pín, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ó dà bí ìgbà tí a gbọ́ ohùn nínú yàrá tí wọ́n tì pa: ó dájú pé èèyàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ò mọ ẹni náà.

Frank Nelson Cole, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia, ló dárúkọ àwọn nọ́ńbà tó pín in. Ní oṣù Kẹwàá 1903, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà ní New York, wọ́n ní kò la ẹnu rárá. Ó ṣírò nọ́ńbà Mersenne sí apá kan pátákó, ó sì fi 193,707,721 sọ 761,838,257,287 di púpọ̀ sí apá kejì. Èsì méjèèjì bára mu, ni àtẹ́wọ́ bá sọ. Wọ́n tún ní ó sọ pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ọdún mẹ́ta ni òun fi wá a. Kì í ṣe pé ó kàn ń tá ọwọ́ kiri o: nọ́ńbà yòówù tó bá pín in gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1 bí a bá fi 134, ìlọ́po méjì 67, pín in. Ẹ dán 193,707,721 wò.

Ìṣirò kúkúrú tó ṣe lórí pátákó, ọdún mẹ́ta tó fi wá a: àlàfo yẹn ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Rivest, Shamir àti Adleman, gbé kọ́kọ́rọ́ àṣírí wọn kà ní 1977, òun náà sì ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń lò. Kọ̀ǹpútà òde òní lè tú nọ́ńbà Cole ká kí a tó ṣẹ́jú. Ní 2020, àwọn onímọ̀ tú irú nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ tó ní dígíìtì 250. Àwọn tí à ń lò báyìí lé ní 600.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lucas sì tún wà nílẹ̀. Bí a bá to 2 sílẹ̀ ní ìgbà 1,277, tí a sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, tí a yọ 1, a ó rí nọ́ńbà onídígíìtì 385. Ẹ̀rí ti wà pé ó ṣe é pín. Kò tíì sí ẹni tó kéde ẹyọ kan nínú àwọn tó pín in.