Nígbà tí Ibà Bá Lọ, Ẹ Wo Ìtọ̀ Ọmọ

Ní Bassila àti Manigri, ìgbà òjò ni ibà máa ń gbé ọmọ dé lópítà jù. Ọmọ á gbóná, á máa bì, ojú rẹ̀ á funfun nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tán lára rẹ̀. Wọn á fún un ní oògùn àti omi, wọn á fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jí tí ó bèèrè oúnjẹ, ìyá á dúpẹ́, bàbá á san owó, ará ilé á kí wọn kú ewu. Ìdùnnú náà tọ́. Àmọ́ ẹ̀yà ara kan wà tí kì í ké nígbà tí ó bá ń jìyà. Kíndìnrín ni, òun ni a sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń di ìyá àti bàbá lọ́la.

Kíndìnrín méjì ni ó wà ní ẹ̀yìn wa, lábẹ́ egungun ìhà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, asẹ́ kéékèèké bíi mílíọ̀nù kan ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ìtọ̀. Ibà líle a máa ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́, àwókù rẹ̀ a sì máa pa kíndìnrín lára. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì a máa gbẹ omi ara títí ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ síbẹ̀ kò fi ní tó mọ́. Láàárín ọjọ́ méjì péré, iṣẹ́ kíndìnrín lè dẹnu kọlẹ̀. Èyí ni àwọn dókítà wa ń pè ní insuffisance rénale aiguë.

Àmì rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ọ. Ìtọ̀ á dín kù, tàbí kí ó pọ́n bí omi bissap, kí ó dúdú bíi Coca. Ojú ọmọ lè wú ní òwúrọ̀. Bí ọmọ tí ó wọn kílò 10 kò bá ń tọ̀ tó mílílítà 5 ní wákàtí kan, tí ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 6, ó ti wọ inú ewu. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọ̀sán àti òru kan, mílílítà 120 ni, kò tó ìdámẹ́rin omi ọ̀rá kan. Ìyá tí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní lópítà, tí ó ń ka iye ìgbà tí ó tọ̀, ń ṣe iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò lè rí àyè ṣe tán.

Kì í ṣe ibà nìkan ni ọ̀tá kíndìnrín. Ní ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ní Nàìjíríà, oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ń fún ọmọ tí ó ń hu eyín, pa ọmọ 84. Diethylene glycol ni ó wà nínú rẹ̀, omi dídùn tí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò, tí ó sì jẹ́ májèlé fún kíndìnrín. Àwọn ọmọ náà bì, ìtọ̀ wọn dá pátápátá. Èyí tí ó dùn wá jù ni pé ohun kan náà ti pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti Jos ní 1990. Ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Gáńbíà, níbi tí ọmọ tí ó lé ní 60 ti kú, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ìkìlọ̀ lórí oògùn ikọ́ olómi mẹ́rin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀nà jíjìn ni. Cotonou ni Jacques Chirac ti ké sí ayé ní 2009 pé kí wọ́n gbógun ti ayédèrú oògùn, ní Cotonou kan náà sì ni ìjọba ti kọlu ọjà oògùn Adjégounlé ní 2017. Síbẹ̀, oògùn tí a tẹ́ sílẹ̀ kò tíì tán ní ọjà. Ìbùpùróféènì tí a rà lọ́wọ́ alátẹ fún ọmọ tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ lè dá kún ìpalára kíndìnrín. Bákan náà ni àgbo tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. A kò bú àgbo àwọn ìyá wa, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà ohun tí ọmọ ti mu. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a kì í sábà sọ ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti délé. Asẹ́ tí ó kú kì í hù padà. Àwọn tí ó ṣẹ́kù ni yóò máa ru ẹrù ti àwọn tí ó kú, ó sì lè rẹ̀ wọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan: ẹ̀jẹ̀ ríru á dé, purotéènì á máa jáde nínú ìtọ̀. Bí ìpalára bá kọjá oṣù 3, ó ti di àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ní Ùgáńdà, àwọn oníwádìí tẹ̀lé àwọn ọmọ tí ibà líle ṣe, wọ́n sì rí i pé àwọn tí kíndìnrín wọn ti farapa ni àrùn náà ń mú jù lẹ́yìn ọdún kan, àti pé ọpọlọ wọn pàápàá a máa fara gbá. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní 2017, lórí ọmọ àti ọ̀dọ́ 4,683 tí ara wọn kò dá rárá, rí ìpalára kíndìnrín lára bíi ìdámẹ́rin wọn. Ilé ìwòsàn 32 ni ó kópa, kò sì sí ti Áfíríkà kankan nínú wọn. Àwọn onímọ̀ kíndìnrín lágbàáyé tilẹ̀ ṣèlérí ní 2013 pé títí di 2025, kò ní sí ẹni tí irú ìpalára yìí tí a lè dènà yóò pa mọ́. Ọdún náà ti dé, ó ti kọjá.

Ẹ̀rọ tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò sí nítòsí wa, àwọn ìlú ńlá ni ó wà. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò oṣù kẹta kò béèrè ẹ̀rọ ńlá: kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí wọ́n ki bébà àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì wo créatinine nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní lópítà, ẹ bi dókítà léèrè bóyá kíndìnrín ọmọ farapa. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó kọ ọ́ sínú carnet pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ó padà wá. Ẹ tọ́jú carnet náà, kí ẹ sì yọ owó zémidjan ọjọ́ yẹn sọ́tọ̀ láti ìsinsìnyí.