Òkìríkà di báàgì: Ohun tí ọjà Kantamanto lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ dá okòwò sílẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, oṣù Kínní, ọdún 2025 ni iná sọ ní ọjà Kantamanto nílùú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣòwò ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó ìsọ̀ tuntun, torí ẹrù kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Àjọ The Or Foundation, tó fi Accra ṣe ibùjókòó, sọ pé aṣọ àlòkù bíi mílíọ̀nù 15 ló ń wọ ọjà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti pé nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń di pàǹtírí. Àwọn tó ń ta aṣọ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ń bàjẹ́ kéré sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí aṣọ tó há sínú iyanrìn létí òkun Accra mọ̀ pé, iye yòówù kó jẹ́, ó pọ̀.

"Obroni wawu" ni wọ́n ń pe aṣọ yìí ní Ghana, ìyẹn ni pé òyìnbó ti kú: ta ló máa wà láàyè tí yóò ju aṣọ tó dára báyìí nù? Ní Togo, "dead yovo" ni. Òkìríkà ni ní Nàìjíríà, orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Rivers, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́síkọ́nà làwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ti yí i padà sí "thrift", orí WhatsApp ni wọ́n sì ń pàtẹ ẹ̀ sí.

Kí ló yàtọ̀ sí títa òkìríkà lásán?

Ẹni tó fọ aṣọ, tó lọ̀ ọ́, tó sì tà á, òkìríkà ló tà. Ẹni tó tú u, tó gé e, tó fi rán ohun mìíràn tó níye lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tuntun ló ṣe. Nínú Kantamanto fúnra rẹ̀, àwọn télọ̀ àti aláró wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn. Yayra Agbofah, tó dá The Revival sílẹ̀ ní Ghana, ń fi aṣọ tí ọjà ti kọ̀ ṣe aṣọ mìíràn. Nkwo Onwuka, aránṣọ ọmọ Nàìjíríà, ń gé àjákù jíìnsì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń so wọ́n pọ̀ di aṣọ tó pè ní Dakala, tó jọ aṣọ òkè lójú. Amah Ayivi ní tirẹ̀ ń ṣa aṣọ àlòkù lọ́jà nílùú Lomé, ó sì ń kó o padà lọ tà ní Paris.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà àjèjì ni, ẹ wo ẹ̀kú egúngún.

Ibi tí èrè ń gbà jò

Owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kéré, ìdí nìyẹn tó fi bá akẹ́kọ̀ọ́ mu. Àmọ́ ìṣirò ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn lára. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ra jíìnsì méjì ní ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ra síìpù àti òwú ní ₦700, ó san ₦1,200 owó ọkọ̀, ó wá fi ibi tó dára jù lára jíìnsì méjèèjì rán báàgì kan. Ó tà á ní ₦6,000, inú rẹ̀ dùn pé òun jèrè ₦3,000.

Kò jèrè tó bẹ́ẹ̀. ₦1,100 ló kù sí i lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ wákàtí mẹ́fà ló fi rán an, kò tó ₦200 ní wákàtí kan.

Bó bá farabalẹ̀ gé e, báàgì méjì ló máa yọ nínú jíìnsì méjì yẹn. Owó ọkọ̀ kò yí padà, ₦700 péré ló máa fi kún un fún síìpù àti òwú kejì. Gbogbo ìnáwó di ₦5,600, ó pa ₦12,000 wọlé, èrè di ₦6,400. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan, kò ní í tún fojú lásán wo aṣọ mọ́.

Ìmọ̀ ọwọ́ náà ṣe pàtàkì. Láàárín itan ni jíìnsì ti máa ń kọ́kọ́ jẹ, apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ló máa ń le jù. Èyí tó ń fà bíi rọ́bà máa ń ká jọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Ìṣòro tó tún wà níbẹ̀ ni pé oníbàárà á rí fọ́tò, á ní irú ẹ̀ gan-an lòun ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ aṣọ yẹn kò ní èkejì. Ìdí nìyí tí jíìnsì fi dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: irú rẹ̀ kì í wọ́n.

Kí ni fásitì lè ṣe?

Ní Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ okòwò jẹ́ dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fásitì. ENT 211 àti ENT 312 ni wọ́n ń pè é báyìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọṣẹ ṣíṣe àti ìlẹ̀kẹ̀ sínsín ni iṣẹ́ ọwọ́ tó ń bá a rìn. Kò burú, àmọ́ bí igba akẹ́kọ̀ọ́ bá se irú ọṣẹ kan náà lọ́jọ́ kan náà, ta ni wọ́n máa tà á fún? Aṣọ àlòkù kò fàyè gba àwòkọ. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó pinnu ohun tó lè dà àti ẹni tó máa rà á.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùkọ́ kì í fẹ́ sọ síta: òfin Nàìjíríà kò fàyè gba kíkó aṣọ àlòkù wọlé láti òkè òkun. Iléeṣẹ́ aṣọ́bodè máa ń kéde àwọn bélì tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé, síbẹ̀ ọjà Katangowa àti Yaba l'Ékòó ṣì kún fọ́fọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé okòwò rẹ̀ lé bélì nìkan, orí ohun tí aṣọ́bodè lè gbà lọ ló gbé e lé.

Bẹ́ẹ̀ aṣọ pọ̀ nílé. Àwọn èèyàn máa ń fi aṣọ sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà tí sáà bá parí, àwọn télọ̀ ń da àjákù nù lójoojúmọ́, aṣọ ẹbí tí wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì kún inú àpótí. Ohun tó kù ni ẹni tó máa sọ fún ìyá ìyàwó pé àǹkárá ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti di báàgì.