Títún Gìtá Oníná Ṣe

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá rí ọ̀dọ́ tí ó ti gbé gìtá oníná rẹ̀ sọ sí kọ̀rọ̀, tí ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ láti ra òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, gìtá náà kò ní àléébù tí apá kò ká.

Kí a tó lè tún un ṣe, ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń fọhùn. Gìtá onígi lásán a máa fi ihò inú rẹ̀ gbé ìró okùn jáde, bí ìlù. Ti oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ okùn irin rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ohun kan wà tí àwọn onígìtá ń pè ní píkọ́ọ̀pù: òòfà ni, tí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín bí irun orí wé yíká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá ti ń gbọ̀n lókè òòfà yìí, agbára iná díẹ̀ a máa jí nínú wáyà náà, a sì máa lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, èyí tí yóò sọ ọ́ di ohùn ńlá. Láàárín àwọn olórin jùjú wa, Àyìndé Bákàrè ni a mọ̀ sí ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá sókè, ní ọdún 1949. Gbohùngbohùn kékeré ni ó fi mọ́ ara gìtá onígi.

Ohun tí okùn bá wí, òun náà ni píkọ́ọ̀pù yóò wí. N kò mọ èyí nígbà èwe mi. Bí mo bá fa okùn gìtá mi tí ohùn wọn bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, kí orin tó parí wọ́n ti yà. Mo bá fi owó tí mo fi oṣù mẹ́jọ kó jọ ra píkọ́ọ̀pù titun. Ohùn tí kò bára mu náà ni mo tún gbọ́, àfi pé ó wá ń dún ketekete, débi pé àwọn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé n kò mọ gìtá ta dáadáa ti wá mọ̀.

Níbo ni àléébù náà wà? Ní òkè ọrùn gìtá, níbi tí okùn ti ń kọjá lọ sí èèkàn tí a fi ń fà á le, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a la ojú ọ̀nà mẹ́fà sí. Ike ni tèmi, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì fún okùn jù. Bí mo bá fa okùn, yóò há síbẹ̀, yóò sì já lọ lójijì kọjá ibi tí mo ń wá. Bí a bá fi ẹnu dúdú pẹ́ńsù ra ojú ọ̀nà náà, okùn a máa yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ìyẹn kò bá tó, a lè fi egungun màlúù rọ́pò ike. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: mo fi fáìlì rẹ́ ti èkíní jìn jù, okùn sì wá ń kan àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn, ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Ohun tí fáìlì bá ti mú kúrò, ó lọ nìyẹn.

Okùn fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí òógùn ọwọ́ a máa mú un dípẹtà, ohùn rẹ̀ a sì kú. Bí a bá lo èyí tí ó nípọn tàbí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, títẹ̀ ọrùn yóò yí padà. Ọ̀pá irin kan wà nínú ọ̀pọ̀ ọrùn gìtá tí a fi ń tún èyí ṣe. Kí a má yí i ju ìdámẹ́rin yíyí kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tí ó bá kánjú lè dá a.

Lẹ́yìn èyí ni gígùn okùn. Irin ìdábùú kejìlá wà ní agbedeméjì rẹ̀. Bí a bá ta okùn láìtẹ̀ ẹ́, tí a sì tún tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ohùn kan náà ni ó yẹ kí a gbọ́, ọ̀kan nísàlẹ̀, èkejì lókè. Bí ti òkè bá ga jù, okùn kúrú jù: kí a fi sukudiráfà sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, kí a sún un síwájú. Iṣẹ́ yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ èyí tí ó ń tún ohùn gìtá ṣe jù ú lọ. Kí a sì wò ó bóyá píkọ́ọ̀pù sún mọ́ okùn jù, nítorí òòfà a máa fa okùn, kì í jẹ́ kí ó gbọ̀n bó ti yẹ.

Ìgbà kan wà tí owó píkọ́ọ̀pù kì í ṣòfò. Èyí tí ó ní ìdì wáyà kan ṣoṣo a máa gba kíkùn iná ilé mọ́ ìró okùn. Ní 1955, Seth Lover, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí ó ní ìdì méjì, tí òòfà wọn dojú kọ òdìkejì ara wọn, tí a sì so wáyà wọn lọ́nà tí kíkùn inú ọ̀kan fi ń pa ti èkejì, nígbà tí ìró okùn inú méjèèjì ń para pọ̀. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohùn tí ó mú gaara lè má fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti gìtá tèmi, nígbà tí mo fi egungun kejì sí i tán, mo yọ píkọ́ọ̀pù titun náà, mo sì dá ti àtijọ́ padà láti dán an wò. Ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ti owó oṣù mẹ́jọ.