Ẹja, Attiéké àti Ìtọ́jú Oníbàárà: Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Treichville

Ẹni tí ó bá kúrò ní Plateau, níbi tí ilé ìjọba àti ilé ìfowópamọ́ gíga-gíga wà ní ìlú Abidjan, tí ó sì gba orí afárá Houphouët-Boigny kọjá ọ̀sà, Treichville ni yóò bọ́ sí. Àwọn Faransé ni ó fi orúkọ Marcel Treich-Laplène, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú wọn ayé àtijọ́, sọ àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dúdú láti ibi gbogbo ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó sọ ọ́ di ìlú. Bí ẹ bá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́bàá ọjà ńlá wọn, ẹ ó gbọ́ Faransé, ẹ ó gbọ́ Dioula, ẹ ó gbọ́ Baoulé, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti ti àwọn ìlú tí ó yí i ká ti ń ṣòwò níbẹ̀. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Títí di òní, ọkọ̀ akérò ń gbéra láti Èjìgbò, ó ń la Benin, Togo àti Ghana kọjá, ó ń lọ sí Abidjan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo mú wá fún yín lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Irú ilé oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní maquis. Igbó tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní èdè Faransé, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni àwọn obìnrin ti ń dáná tà láìgba ìwé àṣẹ, àfi ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà ni ó lè dé ibẹ̀. Lónìí, gbangba ni wọ́n wà, pẹ̀lú òrùlé páànù, àga oníke, àti orin tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹni tí ó jókòó tì í ń wí. Ariwo orin yìí kò bá mi lára mu rárá. Olùkọ́ tí ó ti gbọ́ ariwo ọmọ iléèwé fún ogún ọdún kò yẹ kí ó tún máa sanwó kí ó tó gbọ́ òmíràn.

Bàbá kan, ọmọ Èjìgbò, tí ó ti ń ta aṣọ ní ọjà Treichville láti ìgbà èwe rẹ̀, ni ó mú mi lọ. Kí a tó jókòó, ìyá olóúnjẹ, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Tàńtì, ti ṣí àpótí yìnyín rẹ̀, ó ní kí a wá fi ojú ara wa yan ẹja. Ẹja tútù ni, a kò tíì fi iná kàn án. Ó dárúkọ iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti tóbi sí, bàbá ná an, Tàńtì yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì nawọ́ sí èyí tí ó wù mí. Nígbà náà ni a tó lọ jókòó, a sì ń retí.

A retí títí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, mẹ́wàá mìíràn tún kọjá, ẹja kò dé. Nílé wa, bí ènìyàn bá wọ ilé olóúnjẹ, kí ó tó fìdí kan àga ni àmàlà ti dé iwájú rẹ̀. Ebi ń pa mí, inú sì ń bí mi. Ni mo bá wí sókè ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ìdánilójú pé bàbá nìkan ni ó gbọ́ mi, pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò mọ oníbàárà tọ́jú, àti pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn.

Ọmọbìnrin tí ó ń gbé omi ìfọwọ́ bọ̀ yọ́kun díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, bàbá. Ẹja yín ṣì wà lórí iná ni. Bí a bá kánjú gbé e, inú rẹ̀ kò ní jinná.”

Ojú tì mí dé ibi pé n kò lè gbé orí sókè. Bàbá kò wí nǹkan kan, ẹ̀rín ni ó ń rín sínú. Ọmọ àwọn ènìyàn wa ni ọmọ náà. Treichville ni a bí i sí, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí. Ó bu omi sí wa lọ́wọ́, ó fún wa ní ọṣẹ, ó tún bu omi, ó sì lọ bí ẹni tí kò gbọ́ ohun kankan.

Nígbà tí ẹja náà dé, mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ sín in ní ìhà méjèèjì, wọ́n ti fi atalẹ̀, ááyù àti ata lílọ̀ pa á lára, wọ́n sì ti yan án lórí ẹyín iná títí awọ rẹ̀ fi gbẹ tí inú rẹ̀ sì rọ̀. Àlùbọ́sà àti tòmátì tútù tí a gé wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀, attiéké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni attiéké. Wọn a rin ín bí ìgbà tí a bá fẹ́ ṣe gàrí, wọn a fi díẹ̀ nínú ẹ̀gẹ́ tí ó ti kan sí i kí ó lè kan, wọn a sì fún omi rẹ̀ dànù. Ibi tí ọ̀nà wa ti yà sí tiwọn nìyí: àwa a yan tiwa nínú agbada títí yóò fi gbẹ, àwọn a fi ọwọ́ yí tiwọn di wóro-wóro, wọn a sá a díẹ̀, wọn a sì fi ooru omi sè é. Iṣẹ́ àwọn obìnrin etí ọ̀sà ni, àwọn Ébrié, Adjoukrou àti Alladian. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní ìpàdé tí UNESCO ṣe ní Asunción, olú-ìlú Paraguay, a kọ ìmọ̀ ṣíṣe attiéké sínú ìwé ogún àṣà gbogbo ayé. Àwọn ará Mẹ́síkò, níbi tí àgbàdo ti ṣẹ̀ wá, ti gba irú ọlá bẹ́ẹ̀ fún oúnjẹ ilẹ̀ wọn ní ọdún 2010, Senegal sì gba tirẹ̀ ní ọdún 2021 fún ìrẹsì ẹlẹ́ja wọn. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, kì í ṣe ìní àwọn ará Abidjan láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe sí i ni wọ́n fi ń yangàn.

Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Síbẹ̀, èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ti fi ọmọ iléèwé ṣe yẹ̀yẹ́ rí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé gàrí ni ó bù wá fún oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rò bí mo ti ń wo ọkùnrin kan ní tábìlì kejì, tí ó de táì mọ́rùn, tí ó ń fi ọwọ́ jẹ attiéké láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo tún ronú sí ilé olóúnjẹ kan nílé wa, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí mo ti béèrè iye tí ẹran jẹ́ tí olóúnjẹ sì dá mi lóhùn pé, “Bí owó rẹ kò bá tó, sún fún ẹlòmíràn.” Kíá ni oúnjẹ ibẹ̀ máa ń dé.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dára ní ọ̀dọ̀ Tàńtì. Nígbà tí a fẹ́ sanwó, iye ẹja tí ó tóbi ju tiwa lọ ni ó dá lé wa. Bàbá fi Dioula bá a jà tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì yí i padà. Lẹ́yìn èyí, kò rí ṣẹ́ǹjì; owó wẹ́wẹ́ a máa ṣọ̀wọ́n ní Abidjan. Ó sú mi, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, a sì jáde.

A ti dé ìkóríta kí ọmọbìnrin náà tó sáré bá wa, pẹ̀lú igba sẹ́fà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó fi ra nǹkan jẹ. Ó kọ̀. Ó ní bí mo bá ń padà lọ sílé, tí mo sì gba Èjìgbò kọjá, kí n bá òun kí ìyá àgbà òun. Mo béèrè orúkọ agbo ilé wọn. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun yóò bi bàbá òun ní alẹ́.

Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti padà dé. Bàbá aláṣọ ti fi orúkọ agbo ilé náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. N kò tíì lọ.